Ìbéèrè Kẹtàlá

Ọjọ́ Ajé, 1 Èrèlé 2021

Ọjọ́ kẹfà rèé tí iná ti lọ pátápátá. Wọ́n ní àwọn agbébọn ti wó òpó tó ń gbé iná wọ Maiduguri, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ lọ tún un ṣe láìsí ṣọ́jà lẹ́yìn rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún náírà ni onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa ní Gomari ń gbà báyìí kó tó fi iná sí fóònù kan. Omi dídì tí a ń rà ní àádọ́ta ti di igba. Àwa kọ́pà mẹ́rin là ń gbé ilé náà, ìbínú wa sì ti ń pọ̀ ju oúnjẹ wa lọ.

Ọ́fíìsì tí mo ti ń sin ilẹ̀ bàbá mi ṣì ní jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá Raphael ń tàn án láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjì, kì í fi ìṣẹ́jú kan lé e. "Feyi, type fast, fuel dey cry," ohun tó fi kí mi láàárọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ápù wa pín oúnjẹ fún àwọn tí ogun lé wá sí Bulabulin. Èmi ni mo kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá lọ dáadáa, Ọ̀gá ti ní òun yóò gbà mí síṣẹ́ gidi lẹ́yìn POP. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà wá díbọ́n lẹ́yìn ọ̀la pé n kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 Èrèlé

Ẹgbẹ́ CDS wa ti yàn mí pé kí n lọ bá àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Wulari sọ̀rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀: èrè àti àléébù iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Èrè: wàá jókòó sójú kan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò lè dé. Íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Wọn kì í béèrè ọmọ ta ni ẹ́ kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ rẹ dáa. Ẹ̀rọ amúlétutù, nígbà tí iná wà.

Àléébù: ẹ̀yìn ríro. N kò tíì rí òmíràn.

Bíyì, ọ̀kan nínú àwa kọ́pà mẹ́rin, tó ń kọ́ni ní físíìsì, yọ́ kà á léjìká mi. Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń sọ èèyàn di agbéraga." Mo ní kó lọ fọ àwo.

Mo tún ìbéèrè kẹtàlá yẹ̀ wò. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin tó ń ran fìlà, abẹ́rẹ́ ti jẹ wọ́n níka. Àwọn mìíràn lé làálì dúdú. Ẹ̀rọ kì í rí ìtẹ̀ka wọn kà. Irú wọn ni ápù yóò bi pé: kí ni orúkọ àkọ́bí rẹ? Bí ìdáhùn bá bá ti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ mu, kó gba oúnjẹ rẹ̀ máa lọ. Ìyá wo ló lè gbàgbé ìyẹn? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ ní Ìkìrun ni màmá mi kò ti jẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ ju Ìyá Fèyí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 4 Èrèlé

Pupa. Pupa. Pupa.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ débi pé ètè mi là. Àǹtí Wosilat ti ọ́fíìsì wa ló di táàbù mú, èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn bí ẹni ńlá. Àwọn tí ẹ̀rọ rí ìka wọn kà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá kan àwọn tí kò rí kà. Obìnrin àkọ́kọ́ wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu, ó sọ nǹkan kan. Kò bá ti inú ápù mu. Èyí tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ lanu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ, tí ojú táàbù ń pọ́n, tó ń kọ ọ́ gàdàgbà pé AFURASÍ. Èmi ni mo yan àwọ̀ yẹn. Èmi náà ni mo yan ọ̀rọ̀ náà.

Ọkùnrin tí àjọ tó ni oúnjẹ rán wá ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní obìnrin tí kò mọ orúkọ ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí, ayédèrú ni, ẹnì kan ló háyà rẹ̀ wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé mo ń tẹ́ ẹ lọ́rùn o. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Èrèlé

Mẹ́tàlélógóje ni àwọn pupa. Àjọ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yanjú títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Ẹrẹ́nà, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé, kò sì ní rí oúnjẹ gbà mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 8 Èrèlé

Epo ti di igba náírà ó lé àádọ́ta lítà kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú jálá.

Obìnrin kan ti wà lábẹ́ dóńgóyárò iwájú ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ. Ya Zara ni wọ́n ń pè é, ó wà lára àwọn pupa. Kò bẹ̀bẹ̀, kò pariwo. Fìlà ló jókòó tì tó ń ran. Nígbà tí mo jáde lọ ra ẹ̀pà, ó ní, "Sannu." Mo dá a lóhùn, mo sì yára kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ọ̀gá ní àwọn òṣìṣẹ́ wa tó lọ forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ lóṣù Ọ̀pẹ ló fi ìkánjú ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Èrèlé

Ó dára kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Èmi àti Àǹtí Wosilat jókòó lẹ́yìn ọ́fíìsì, jẹnẹrétọ̀ ti kú. Àǹtí jẹ́ ọmọ ọlọ́pàá ará Ìsẹ́yìn kan, ṣùgbọ́n bárékè ibí ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Òun ni olórí àwọn tó ń gbé táàbù kiri. Ọsàn ló ń bó.

Ó ní, "Fèyí, wallahi, ìbéèrè tí wọn ò lè dáhùn lo kọ."

"Orúkọ ọmọ wọn ni mo béèrè, Àǹtí."

"Orúkọ ɗan fari. Àkọ́bí. Níbí, ìyá kì í dárúkọ àkọ́bí ẹ̀. Kunya ni, ojú máa ń tì í. Á pè é ní 'kai', á pè é ní Baba, á pè é ní nǹkan tó bá ṣáà wá sí i lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Bó ṣe máa ṣe é títí tó fi máa kú nìyẹn."

"Kí ni wọ́n wá sọ nígbà ìforúkọsílẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Àwa la kọ nǹkan síbẹ̀. Ápù ẹ ò jẹ́ kéèyàn kọjá bí àyè yẹn bá ṣófo. Ẹnì kan ní ká kọ Baba, ẹnì kan ní ká kọ èyí tó bá wù wá. Ìlà gùn, oòrùn ń ta, a kọ ọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Kò bínú. Ó yọ kóró ọsàn lẹ́nu, ó ní, "Mo nawọ́ lọ́jọ́ tí ò ń kọ́ wa. O ní kí n jẹ́ kí o parí ná. O parí, o palẹ̀ mọ́, gbogbo wa lọ sílé."

Mo rántí ọwọ́ náà. Òrùka kan wà níka rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ ilé ìtọ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Èrèlé

Mo sọ fún Bíyì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran." Nígbà tó rí ojú mi, ó dákẹ́, ó jáde lọ ra máásà, ó sì fún mi ní èyí tó pọ̀ jù.

Màmá pè. "Fèyí! Fèyí o! Fèyí ọmọ mi!" Gbogbo ilé gbọ́. Mo ròyìn fún wọn.

Wọ́n ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn? Bí ọmọ bá wà lókèèrè tí wọ́n fẹ́ pè é ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ ò dárúkọ Bàbá mi rí."

"Kí n dárúkọ baálé mi! Ṣé orí mi dàrú ni?"

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kò burú, ó ti yé mi." Ó yé màmá mi, tí kò kúrò ní Ìkìrun, láàárín ìṣẹ́jú méjì. Èmi tí mo ti lo oṣù mẹ́wàá níbí, kò yé mi. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Èrèlé

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kunya fún Ọ̀gá Raphael. Ó gbá iwájú orí. "Haba! My mama self no dey call my senior brother name!" Ọmọ ọ̀nà Biu ni, ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Fọ́ọ̀mù àwọn ìbéèrè náà wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù Ọ̀pẹ. Ó buwọ́ lù ú láìkà á.

Síbẹ̀, ó ní kí n kọ ìròyìn sí àjọ pé àṣìṣe àwọn olùforúkọsílẹ̀ ni. A ó dá wọn dúró, a ó gba àwọn tuntun. "If we say na design, dem go say we no sabi work." Orúkọ Àǹtí Wosilat ni yóò ṣáájú nínú àwọn tí yóò lọ.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, epo ń wọ́n, àjọ yìí sì ni oníbàárà kan ṣoṣo tó kù. Lẹ́tà ìgbàṣẹ́ mi wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ orúkọ mi sí i. Ó kù kó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́rú, 17 Èrèlé

Mo kọ "Àṣìṣe àwọn", mo pa á rẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kú ní aago kan ààbọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Èrèlé

Mo ti kọ ọ́. Èmi ni mo fi ìbéèrè kẹtàlá sínú ápù. N kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìlú kankan. Ẹnì kan fẹ́ kìlọ̀ fún mi, n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin náà kò parọ́.

Mo gbé e fún Ọ̀gá kí n tó fi ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kà á dé òpin. Ó bi mí, "You sure?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wò mí pẹ́. Ó mú lẹ́tà mi lórí tábìlì, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ránṣẹ́.

Ọkàn mi balẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ẹ̀yìn ìyẹn, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún, mo bọ́jú, mo padà sídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Èrèlé

Ìrọ̀lẹ́. Nǹkan ń bú gbàmù nínú ìlú, wọ́n ní ọ̀nà Gwange ni. A dojú bolẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bíyì ń ka iye ìró náà, mo ní kó má kà á mọ́. Gbogbo wa ní ilé yìí wà láàyè. Màmá pè nígbà mẹ́rìnlá.

Ọjọ́bọ̀, 25 Èrèlé

Mo dé ọ́fíìsì. Àǹtí Wosilat ti dé ṣáájú mi. Ya Zara náà wà lábẹ́ igi rẹ̀. Mo ní kí Àǹtí bá mi bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á láti jáde. Ó ní ó ba òun o, ṣùgbọ́n fìlà náà kò tíì parí.

Mo jókòó tì í díẹ̀ lónìí. Mo fún un ní ẹ̀pà.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Èrèlé

Àjọ ti fèsì. Kí a tún àwọn mẹ́tàlélógóje náà forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá kò yẹ̀, wọ́n sì ní ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò jẹ́rìí ẹni tí ẹ̀rọ kò rí ìka rẹ̀ kà.

Èmi àti Ọ̀gá ti ń fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, a kọ nǹkan kún pátákó. Àǹtí Wosilat wọlé wá mu omi. Mo bi í. Mo dúró kó dáhùn, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó ní, "Ìyá ni kì í dárúkọ. Ará ilé ẹ̀ á dárúkọ. Ìyàwó ilé, aládùúgbò, àbúrò ọkọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá ní méjì-méjì, kí ìkejì máa sọ ti ìkejì." Ó parí omi rẹ̀, ó sì jáde.

Ọ̀gá nu pátákó. Èmi fúnra mi ni mo yọ AFURASÍ kúrò. Mo fi "Ẹ pe ẹni tó mọ̀ yín" rọ́pò rẹ̀. Mo yọ pupa náà.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ẹrẹ́nà

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ti yanjú lọ́jọ́ mẹ́ta. Ó wuni láti wò. Wọ́n ń wá ní méjì-méjì, ọ̀kan á dárúkọ ọmọ èkejì ketekete, onítọ̀hún á fi ìborùn bojú, gbogbo ìlà á bú sẹ́rìn-ín.

Ya Zara nìkan ló dá wá. Kò sí ará abúlé rẹ̀ kankan ní Bulabulin. Ọdún keje rèé tí àkọ́bí rẹ̀ lọ wá màlúù wálé lọ́jọ́ tí àwọn agbébọn yẹn ya wọ abúlé, kò padà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. A ní kí bulama wọn, ìyẹn baálẹ̀, kọ̀wé jẹ́rìí rẹ̀. Bulama náà ti kú.

Àǹtí Wosilat tẹ̀ bá a, ó ní kó ṣáà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí òun létí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Ya Zara mi orí pé rárá. Ó ní nígbà tí ọmọ náà wà níwájú òun, òun kò dárúkọ rẹ̀, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun yóò wá dárúkọ rẹ̀ nítorí ìrẹsì?

Ojú tì mí ju òun lọ.

Ọjọ́rú, 10 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀ lónìí. Ọkàn mi fò. Lẹ́tà ìgbàṣẹ́ ló mú jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un tẹ̀. Àǹtí Wosilat ni wọ́n kọ ọ́ sí. Láti ìsinsìnyí, kò sí fọ́ọ̀mù tí yóò jáde nílé-iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kà á. Ó gba àga àti tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ń fi fóònù súre fún un títí bátìrì fi kú.

Èyí tọ́. Mo mọ̀ pé ó tọ́. Ó sì dùn mí, n kò ní parọ́ nínú ìwé ara mi. Mo bá a gbé tábìlì náà.

Ọjọ́bọ̀, 18 Ẹrẹ́nà

Ooru ti dé. Mo lọ bá àwọn ọmọbìnrin Wulari náà sọ̀rọ̀. N kò ka ohun tí mo kọ lóṣù tó kọjá. Mo ní èrè rẹ̀ ni pé ohun tí o ṣe lórí ìjókòó á kan ẹgbàágbèje èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní àléébù rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀kan nawọ́ kí n tó parí. Mo dúró. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń fún wa lóúnjẹ ọ̀sán. Mo ní rárá. Wọ́n kọ hàà.

Ọjọ́rú, 24 Ẹrẹ́nà

Iná dé! Gbogbo Gomari pariwo bí ẹni gbá góòlù wọlé. Bíyì fi nǹkan mẹ́rin sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ilé.

Méjìlélógóje. Ó ku ẹnì kan. Mo kọ̀wé sí àjọ pé kí wọ́n fi fótò gbà á. Wọ́n ní ìlànà ni ìlànà.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Ẹrẹ́nà

POP ti parí, mo ti di ẹrù mi. Ìkìrun di ọ̀la, bí ọkọ̀ bá gbéra.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Ya Zara wọlé. Kò dúró lábẹ́ igi. Obìnrin kan ló fà lọ́wọ́, eruku ṣì wà lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún. Àǹtí Wosilat bá wọn sọ̀rọ̀, ó sọ fún mi: ará abúlé wọn ni, ògiri kan ló pààlà ilé wọn. Ó wà lára àwọn tó sá wọ̀lú láti ọ̀nà Dikwa lóṣù yìí. Àná ni wọ́n pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, kálukú gbé garawa rẹ̀ dání.

Mo ní kí Àǹtí jẹ́ kí èmi béèrè. Mo fi Hausa mi tí kò dán mọ́rán bi obìnrin náà ní orúkọ àkọ́bí Ya Zara. Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní:

"Bukar."

Ya Zara fa ìborùn bojú. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ápù, ó wọlé, ojú táàbù di àwọ̀ ewé. Mẹ́tàlélógóje pé. Ọ̀gá Raphael pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wa. Mo rò pé wọn yóò dìde, ṣùgbọ́n wọn kò dìde. Ya Zara sọ nǹkan kan lábẹ́ ìborùn, jẹ́jẹ́, sí Àǹtí Wosilat.

Mo ní, "Kí ló tún kù? Gbogbo ẹ̀ ti parí."

Àǹtí ní, "Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé, òun ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́." Ó nu imú. "Ó ní kí o jọ̀ọ́, kí o tún béèrè."

Mo tún béèrè.